Páálí Tó Wà Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì Oyin

Vuotso, àríwá Finland
Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹsàn-án, 1996

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú afẹ́fẹ́ òkun, ẹ sì bá mi dì mọ́ Màmá títí wọn á fi ní kí ẹ fi àwọn sílẹ̀. A ti dé o! Èmi àti ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un kọ kí ọwọ́ mi lè mọ́ ọn lára: ọkọ mi, ọkọ mi, Jouni ọkọ mi. Ó wà lẹ́yìn mi báyìí tó ń bó ọ̀dùnkún, ó ń ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ pé òun ni mò ń kọ.

Oyin gbé wa láti ẹnu ọ̀nà yín dé ẹnu ọ̀nà wa, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà, kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ilé epo tí a bá dúró sí ni wọ́n ti ń bi wá léèrè pé ta ló tún irú ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ ìyeyè báyìí ṣe tó fi ń kùn bí oyin tòótọ́, èmi á sì yọ orí síta lójú fèrèsé: “Bàbá mi ni! Endel Lepik, mẹkáníìkì Emmaste, lódìkejì òkun! Kò sí ọ́ìlì síìlì kan nínú rẹ̀ tí kì í ṣe tuntun!” Bí ẹ ṣe sọ ọ́ níwájú àwọn àlejò ìgbéyàwó gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́, mo tiẹ̀ ń ṣàlàyé fún wọn pé síìlì ni rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Jouni ní bí mo bá tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á bọ́ sílẹ̀ kí òun máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Bàbá, mo ṣì ń rí i bí ẹ ṣe fa gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, tí ẹ fi lé Jouni lọ́wọ́ níwájú ọgọ́ta ènìyàn, tí ẹ ní kó fi áńkáṣíìfù funfun tó wà lápò rẹ̀ nù ún, kó sì búra pé ọ́ìlì àbáláyé nìkan ni Oyin yóò máa mu, kì í ṣe sintẹ́tíìkì tí gbogbo ayé ń pariwo. Ó búra, pẹ̀lú èdè wa tó ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀! Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti fẹ́ ìyàwó báyẹn rí.

Àwọn kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì mẹ́ta tí ẹ kó sí búùtù ti wà ní ilé igi, níbi tí a ń kó igi ìdáná sí. Ẹ má sì bẹ̀rù òtútù. Òpó iná kan wà níwájú ilé kọ̀ọ̀kan níbí, wọ́n á so wáyà ọkọ̀ mọ́ ọn kí ẹ́ńjìnnì lè móoru kó tó jí. Mo ti rí iṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́. Jouni ti padà sínú igbó lọ gé igi. Ní ọjọ́ Jaani ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ẹ bá ń to igi fún iná àjọ̀dún, ẹ máa wo ojú ọ̀nà: Oyin ni a ó gùn wọ àgbàlá yín, èmi ni n óò wà á, n óò sì fọn fèrè rẹ̀ títí àwọn adìyẹ Màmá á fi sá wọ inú òkun.

Ọmọ yín tí ayọ̀ kò jẹ́ kó jókòó,
Leelo


Emmaste
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, 1996

Leelo ọmọ mi,

A gba lẹ́tà rẹ. Ìyá rẹ ti kà á fún àwọn ará àdúgbò, àtàwọn tí kò fẹ́ gbọ́. Ara wa le. Àwọn adìyẹ ní àwọn ń dúró dè ọ́.

Sọ fún ọkọ rẹ kó má fi etí sí àwọn tó ń ta ọjà. Mo mọ ohun tí wọ́n á sọ fún un níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á ní sintẹ́tíìkì ni ti òde òní, wọ́n ṣe é ní ilé iṣẹ́, ó mọ́, kì í dì, ó ń pẹ́. Òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tinrin, ó sì ń fọ gbogbo ibi tó bá dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti dàgbà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òun báyẹn. Ọ́ìlì àbáláyé nípọn, ó ń rọra rìn, ó sì ń bá àgbàlagbà gbé. Mo ti so páálí kékeré kan sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo kọ irú ọ́ìlì, ọjọ́ àti iye kìlómítà sí i. Nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kí Jouni kọ tirẹ̀ sábẹ́ tèmi. Bí a ṣe ń ṣe é ní ibi iṣẹ́ wa nìyẹn, ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀.

Má bínú sí ìkọ̀wé mi. Gègé yìí kò dára.

Bàbá rẹ,
Endel


Vuotso
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní, 1997

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú òtútù, ẹ jókòó o! Ẹ jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí èmi gan-an kò lè jókòó!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ìjì yìnyín wó òpó iná láti ibí dé ìlú Sodankylä. Ọjọ́ méjì gbáko, kò síná. Òtútù dé ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì lábẹ́ òdo, tí èèyàn bá mí, á gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dì. Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún Aune mọ́ra. Aune ni ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ àgbọ̀nrín. Ọkọ̀ aláìsàn kò lè kọjá nítorí igi tó wó sí ojú ọ̀nà lápá ọ̀hún. Ọkọ̀ mẹ́fà ló wà ní òpópónà wa, àwọn ọkọ̀ ńláńlá tuntun, a sì gbìyànjú gbogbo wọn. Kò sí iná tí a ó fi mú wọn móoru, kò sì sí ọ̀kan tó jí. Wọ́n kàn ń kérora ni, wọ́n á sì dákẹ́.

Jouni wọ inú Oyin. Ó yí kọ́kọ́rọ́ LẸ́Ẹ̀KAN. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Bàbá! Oyin jí, ó ń kùn bíi pé oṣù Kẹfà la wà! Gbogbo àdúgbò pàtẹ́wọ́. Mo sunkún. Àwọn ọkùnrin gbé ayùn lọ síwájú, wọ́n ń gé igi kúrò lọ́nà, àwa ń tẹ̀ lé wọn. Aune wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wé e, ó ní, “Ṣé inú kiní pupa rúsúrúsú yìí ni n óò wá kú sí?” Jouni ní, “Ẹ ò gbọdọ̀ kú, Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àga ẹ̀ ni.” Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní bó bá fi wákàtí kan pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Gbogbo ìlú ló ń bi mí nípa yín. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ bàbá mi nìyẹn. Ọkọ mi àti bàbá mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gba Aune là! Ta ló tún ní irú ọkùnrin méjì báyìí?

Èmi ni,
Leelo tó ń yangàn kiri ìlú


Emmaste
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 1997

Leelo,

Inú mi dùn pé ìyá àgbà náà yè. Kí o kọ́kọ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo jáde lọ sí ibi iṣẹ́, mo padà wá, mo tún kà á. Ìwọ kò mọ ohun tí o kọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú àwọn ọkọ̀ oko ìjọba. Ní ọdún kan tí òtútù wa dé ọgbọ̀n lábẹ́ òdo, iná igi la ń dá sínú páànù lábẹ́ ẹ́ńjìnnì kó tó lè yí. Ọ́ìlì tí mo fi sínú Oyin, bó bá dé mẹ́tàdínlógójì láìsí iná, wàá lè fi ṣíbí bù ú bíi ṣúgà tó dì. Kí ẹni kan yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì jí? Rárá. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọkọ rẹ ti da ọ́ìlì mi nù. Sintẹ́tíìkì ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó fi ọwọ́ mú gééjì níwájú àwọn èèyàn mi, ó wo ojú mi, ó búra, ó dé ilé, ó sì ṣe ohun tó wù ú. Kò tún sọ fún mi. Bó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀ nípa ọ́ìlì, kí ló kù?

Kí ó má wá sí àgbàlá mi lọ́jọ́ Jaani. Ìwọ lè wá.

Bàbá rẹ


Vuotso
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 1997

Bàbá,

Mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí Màmá.

Mo fẹ́ pè yín lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà níwájú adájọ́ lẹ ṣe máa ń rí tí ẹ bá gbé e. Torí náà mò ń kọ ọ́. Báwo lẹ ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀ sí ọkọ mi? Oṣù márùn-ún péré ló tíì kọjá tí a ṣe ìgbéyàwó! Mo kọ ìròyìn ayọ̀ sí yín, ẹ sì sọ ọ́ di ẹjọ́!

Mo bi Jouni. Ó ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, kò gbójú sókè, ó ní, “Bàbá ẹ ò mọ bí òtútù wa ṣe rí.” Ìdáhùn ẹ̀ nìyẹn, ó sì tó mi. Síbẹ̀, nítorí yín, mo jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi. Páálí yín wà níbi tí ẹ so ó sí, pẹ̀lú wáyà pupa yín. Ìkọ̀wé yín ló wà lára ẹ̀: ọ́ìlì àbáláyé, oṣù Kẹjọ. Kò sí nǹkan míì tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ ti gbọ́? Kò sí nǹkan kan!

Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ mi. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún yín. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè wọ àgbàlá yín, èmi náà ò ní wọ̀ ọ́. Ibi tí ọkọ mi bá wà ni mo wà.

Leelo


Emmaste
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kejì, 1997

Leelo,

Páálí kò lè jí ẹ́ńjìnnì. Lọ sí ilé igi, kí o gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wo ayùn ẹ́ńjìnnì ọkọ rẹ, kí o bi í ní ohun tó fi ń pa ṣéènì rẹ̀ lára.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣì í, n óò tọrọ àforíjì.

Endel


Vuotso
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 1997

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá.

Kẹ́ẹ̀gì méjì ti ṣófo. Ìkẹta kù díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbé wọn bíi pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sẹ́yìn, torí mo ti múra láti gbé ohun tó wúwo.

Nígbà tí Jouni ti igbó dé, mo ní, “Kí lo fi ń pa ṣéènì ayùn ẹ lára?”

Ó ní, “Ọ́ìlì ni.”

“Ọ́ìlì ta ni?”

Ó gbé ayùn sílẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó bọ́ fìlà. Mo ní, “Bọ́ gbogbo ẹ̀ tán, mo ń dúró.” Ó wá ní, “Ti bàbá ẹ ni.”

Oṣù Kẹwàá ló ti pààrọ̀ rẹ̀, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ yẹn ni mo se kéèkì bẹ́rì fún un, mo ń kọrin ní ilé ìdáná, òun wà níta lábẹ́ Oyin tó ń da ọ́ìlì yín sínú páànù. Mo tiẹ̀ gbé kọfí lọ fún un! Ó ní síkírúù kan ló tú, òun ń dè é.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí n kọ lẹ́tà sí bàbá ẹ pé ọ́ìlì ẹ̀ ò wúlò níbí? Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi mí ṣe ìran níwájú gbogbo Emmaste?” Mo ní, “Èmi ńkọ́? Ṣé èmi náà ni gbogbo Emmaste?” Ó wá ní, “Ká ní mo pa ìbúra mọ́ ni, Aune ti kú.” Mo ní, “Oṣù Kẹwàá lo pààrọ̀ ẹ̀. Aune ń jó ní gbọ̀ngàn ìlú ní oṣù Kẹwàá!”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ́ìlì ló ń dùn mí. Ó yọ páálí yín kúrò kó má bàa dọ̀tí, ó pààrọ̀ ọ́ìlì, ó sì tún so ó padà. Ó nù ún. Ó so ó padà pẹ̀lú wáyà pupa yín, kí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè gbà pé òótọ́ ni. Ta ló sì tún ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Oyin? Èmi nìkan ló so ó fún.

Ó ti ń sùn ní sọ́nà, yàrá ìwẹ̀ olóoru tó wà lẹ́yìn ilé, láti ọjọ́ náà. Ó ní ibẹ̀ gbóná ju inú ilé lọ báyìí.

Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ dárí jì mí pé mo kígbe mọ́ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi.

Leelo yín


Vuotso
Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, 1997

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ ò fèsì. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹ ṣì ń bínú ni? Mo ti ní kí ẹ dárí jì mí. Mo rò pé inú yín á dùn, ó kéré tán, pé ẹ jàre.

Ó tún kù. Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ níbí, funfun báláú, ṣùgbọ́n láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé mo rí àmì dúdú kan lábẹ́ Oyin tó tó ojú owó ẹyọ. Lọ́jọ́ kejì ó ti tó ojú àwo. Ọ́ìlì ni. Ó ń kán láti àárín, níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé. Ohun tí ẹ ní yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ yìí! Mo fa Jouni jáde, mo ní, “Wò ó! Sintẹ́tíìkì ẹ ti fọ ọkọ̀ bàbá mi débi tó fi ń jò!” Kò bá mi jà. Ó wá tíìnì kan, ó gbé e sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rọra ní, “Síìlì tuntun kì í jò nítorí sintẹ́tíìkì, Leelo. Síìlì tó ti gbẹ, tí ìdọ̀tí àtijọ́ ló ń bá a dí ihò, ìyẹn ló ń jò tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.” Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ mọ́, pé òun kọ́ ló máa kọ́ mi ní ohun tó jẹ́ tuntun nínú ọkọ̀ yẹn.

Ẹ sọ ohun tí n óò ṣe. Oṣù méjì ló kù sí ọjọ́ Jaani, Oyin ni mo sì fẹ́ gbé wálé.

Leelo


Emmaste
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 1997

Leelo,

Da ọ́ìlì yẹn nù. Ra àbáláyé, èyí tó nípọn jù ní ṣọ́ọ̀bù. Yóò dín jíjò náà kù. Kí ẹnikẹ́ni má tú gíábọ́ọ̀sì. Mo ní ẹnikẹ́ni. Bí o bá dé ilé, n óò wò ó.

Gègé yìí kò dára.

Bàbá


Vuotso
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Karùn-ún, 1997

Bàbá,

Mo kí yín, mo kí Màmá.

Mo ka lẹ́tà yín sí Jouni létí nítorí kó lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọ̀gá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Kí ló dé tí wọn ò fẹ́ ká tú gíábọ́ọ̀sì?” Mo ní torí pé kò mọ ọ̀nà ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo tún ka lẹ́tà náà. “Mo ní ẹnikẹ́ni.” Ẹ kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹ kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo ní kó tú u.

Ọjọ́ Sátidé ni, oòrùn ràn. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, mo ń gbé iná dání. A gbé gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀, àwa méjèèjì ló gbé e torí ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Síìlì ẹ̀yìn kiránkì, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, wà níbẹ̀. Ó le bí èèpo búrẹ́dì ráì tó ti gbẹ. Nígbà tí Jouni fi síkírúdíráfà yọ ọ́, ó ṣẹ́ sí méjì. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni 1982. Kíláàsì kejì ni mo wà ní 1982. Síìlì yìí ti wà nínú Oyin látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Mo rò pé Jouni á rẹ́rìn-ín. Mo ti ń múra sílẹ̀ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi áńkáṣíìfù nu síìlì náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ń lọ la igi. Kò sì sí igi tó nílò lílà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ̀.

Mo ti fi í sínú àpòòwé yìí. Ẹ mú un dání dáadáa.

Mo yọ orí síta ní gbogbo ilé epo tó wà láàárín Helsinki àti ibí. “Kò sí ọ́ìlì síìlì kan tí kì í ṣe tuntun!” Mo sọ ọ́ fún àwọn tí n kò mọ̀ rí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ́ìlì tó nípọn tí ẹ mú ọkọ mi búra sí, kì í ṣe ti Oyin ni, tiyín ni. Kó lè bò yín ni. Nígbà tí ẹ sì ń pe Jouni ní ẹni tó wo ojú yín tó purọ́, ẹ mọ̀. Nígbà tí mo ní ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oṣù méjì gbáko ni ọkọ mi fi sùn ní sọ́nà. Ó purọ́, ìyẹn jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí òun nìkan jìyà ẹ̀.

Kí ló dé, Bàbá? Mi ò bèèrè nípa ọ́ìlì mọ́.

Leelo


Emmaste
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, 1997

Leelo ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí, èmi Endel ni mò ń sọ ọ́. Mo ti ní kó má fi tirẹ̀ kún un.

(Màá fi kún un. Ìyá rẹ nìyí.)

Kì í ṣe gègé. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n láti ìgbà ìrúwé ọdún méjì sẹ́yìn. Mo fi pamọ́ fún ìyá rẹ fún oṣù mẹ́jọ.

(Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ń da kọfí sílẹ̀ láràárọ̀, ó ń sọ pé ife ló burú. Ife mẹ́rin ni mo rà.)

Gbogbo síìlì yòókù, tuntun ni. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe wọ́n, ó gba ìgbà òtútù méjì. Ti ẹ̀yìn nìkan ló kù. Kí èèyàn tó dé ibẹ̀, ó gbọ́dọ̀ gbé gíábọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì ó já bọ́ lé èjìká mi, mo wà lábẹ́ rẹ̀ títí mo fi rí agbára yí i kúrò. Ká ní mo pe ẹni kan láti ràn mí lọ́wọ́ ni, yóò rí ọwọ́ mi, gbogbo Emmaste á sì mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìgbéyàwó rẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo sọ fún ara mi pé bí wọn ò bá fi nǹkan tinrin sí i, síìlì àtijọ́ yẹn á sin ọ́ fún ọdún mẹ́wàá sí i. Mo wá sọ ọ́ di ìbúra kó lè dà bíi pé ọgbọ́n ni.

Nígbà tí o kọ̀wé nípa òtútù yẹn, mo bínú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé sintẹ́tíìkì á rí síìlì àtijọ́ yẹn.

Síìlì tuntun náà ti wà nínú dúráwà láti ọjọ́ yìí wá, nínú bébà rẹ̀. Òun nìyí nínú àpòòwé. Kí Jouni fi í síbẹ̀. Kó fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ẹnu rẹ̀ kó tó tì í wọlé, kó má sì fi òòlù lù ú, kó fi igi tì í.

Kó wá lọ́jọ́ Jaani. Mo ti sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi fún àwọn àlejò.

Bàbá rẹ

(Ó fẹ́ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Kò lè ṣe é lónìí. Èmi Helju ni mo bá a fọwọ́ sí i. Máa bọ̀ wálé, ọmọ mi. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ kan bá kọjá ló ń jáde sí ojú ọ̀nà.)


Vuotso
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 1997

Bàbá mi, Màmá mi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Síìlì dé ní Ọjọ́rú. Mo ka lẹ́tà yín níwájú ilé, mo tún kà á nínú ilé, mo wá kà á sí Jouni létí. Ó ní kí n tún ibi tí gíábọ́ọ̀sì ti já lé yín léjìká kà. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ mú igi. Ó fi igi tì í wọlé bí ẹ ṣe wí, kò fi òòlù kàn án. Ó ti kúrò ní sọ́nà. Ó ń sùn nínú ilé, ṣùgbọ́n mi ò tíì padà máa pè é ní ọkọ mi nínú gbogbo gbólóhùn. Ẹ ti rí i bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yìí.

Mo fi yín pamọ́, Bàbá. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nípa ọwọ́ yín lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí ní ilé epo pé ta ló tún ọkọ̀ yìí ṣe, mi ò ní yọ orí síta mọ́. Màá ní ẹbí wa ni.

Ó ń dùn mí pé ẹ rò pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ tó pé ju bí mo ṣe fẹ́ràn yín lọ. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, èmi ni n bá wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú yín. Ọwọ́ méjì tó le dáadáa ni mo ní, mo fi gbé gíábọ́ọ̀sì yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jouni, ká ní ó pè mí sẹ́yìnkùlé ní oṣù Kẹwàá pé, “Leelo, ọ́ìlì yìí á dì,” èmi ni n bá kọ lẹ́tà náà sí yín. Kò sẹ́ni tó bi mí nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fún ara yín ní gééjì, ẹ gbà á lọ́wọ́ ara yín, èmi wà láàárín tí mò ń pàtẹ́wọ́.

Lánàá mo lọ ra ọ́ìlì fúnra mi. Ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní, “Kí ni ọkọ yín ní kí ẹ rà?” Mo ní, “Kò ní kí n ra nǹkan kan.” Ó ní, “Bàbá yín ńkọ́? Ṣebí mẹkáníìkì ni?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Mo ra sintẹ́tíìkì. Mo rà á nítorí òtútù ibí, àti nítorí Aune tó wá gbé kéèkì fún wa láàárọ̀ àná pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara rẹ̀, àti nítorí pé síìlì ti jẹ́ tuntun, kò sí ohun tí ọ́ìlì náà máa rí mọ́.

Èmi ni mo dà á. Mo yọ páálí yín, mo fi í sínú àpótí tí mo fi áńkáṣíìfù ìgbéyàwó sí. Mo so tuntun sí ipò rẹ̀. Mo kọ irú ọ́ìlì, mo kọ ọjọ́, mo kọ iye kìlómítà, mo sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ ojú omi wa á gúnlẹ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún. Ẹ̀yin àti Jouni, Bàbá, á jókòó sí tábìlì kan. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì. Lẹ́yìn oúnjẹ, a ó jáde síta, n óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, Jouni á gbé iná, ẹ̀yin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá. Mo fẹ́ràn òun náà. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, èmi ni n óò máa fa gééjì yọ.

Leelo